Ọmọ Tí Kò Dáhùn, Kòkó Wà Lẹ́nu Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Tírélà ń kọjá lójú títì, etí mi kò sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ tí o jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, gbé fóònù rẹ sílẹ̀, kò ní í sá lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń fi mí ṣẹ̀rín láti àárọ̀, nítorí pé ẹ wọlé, ẹ bá èmi arúgbó lórí ẹní pẹ̀lú ìwé ewúrẹ́ tó dé fìlà, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ ní, "Bàbá ti padà di ọmọdé." Mo gbọ́ o. Etí mi kò ti kú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé ewúrẹ́ ṣe dé ọwọ́ mi fún yín, kí ẹ má baà lọ ròyìn nílé pé orí bàbá yín ti dàrú.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ìwé, a ní láti lọ sí oko ná.

Ní Ajue tí wọ́n bí mi sí, kò sí ọjọ́ tó dùn mọ́ ọmọdé tó ọjọ́ ìfọ́kòkó. Ẹ̀yin mọ kòkó nínú àpò, bí ọkọ̀ bá ń kó o kọjá. Àwa mọ̀ ọ́n lórí igi. Bàbá mi á ti fi ọ̀pá gígùn tí dòjé wà lórí rẹ̀ já èso rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, a ó kó o jọ sábẹ́ igi kan, òkìtì rẹ̀ á ga ju èmi lọ. Tó bá di ọjọ́ ìfọ́, àwọn ará àdúgbò á dé, torí pé àáró la máa ń ṣe: lónìí oko tèmi, lọ́túnla oko tìrẹ. Àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn náà á wá, tìyàwó tọmọ. Àwọn ọkùnrin á fi àdá jókòó yí òkìtì ká. Pá! Èso ti là sí méjì. Wọ́n á jù ú sí àwa ọmọdé, àwa á fi ìka yọ kóró inú rẹ̀ sínú agbọ̀n, a ó ju èèpo sẹ́yìn. Pá, ṣùù! Pá, ṣùù! Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe títí oòrùn á fi rẹlẹ̀. Òórùn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi bo kóró náà mọ́lẹ̀ kò tíì kúrò ní imú mi títí di òní.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kóró kòkó tútù dùn. Ẹ ò lá a rí? Ó mà ṣe o! Nǹkan funfun kan ló bò ó, ó ń yọ̀, ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Ta ni yóò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síwájú ọmọdé tí ọmọdé ò ní í sọ ọ́ sẹ́nu? Bí ọmọ mẹ́wàá bá wá ń lá kóró dípò kí wọ́n kó o sí agbọ̀n, ìgbà wo niṣẹ́ fẹ́ parí? Ibi tí ọgbọ́n ìyá mi ti wọlé nìyẹn. Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀ o, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ló ti bá a.

Ìyá mi á dúró láàárín wa pẹ̀lú agbọ̀n níbàdí, á máa pe ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń dún wọnú ara wọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán. Kò ní í pè é tán. Ó kù díẹ̀ kó parí ni yóò dúró, yóò wá nawọ́ sí ọmọ kan.

"Ọ̀bọ ra ìkòkò, ó sáré lọ se..."

"Kókò!"

"Ìgbín ń lọ Odìgbó, ó ní ó ti sú òun nínú..."

"Igbó!"

Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ṣófo á dáhùn kíá. Èyí tó ti kó kóró sẹ́rẹ̀kẹ́ á dákẹ́, á máa wo ilẹ̀ bíi pé nǹkan rẹ̀ sọnù. Gbogbo wa á wá pariwo pọ̀ pé, "Kòkó wà lẹ́nu rẹ̀!" Olúwarẹ̀ ló máa kó èèpo lọ dànù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òfin kejì wà, òfin yẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a dáhùn. Bí ìyá mi bá ti nawọ́ sí ọmọ, òun náà ló nawọ́ sí. Yóò gbé ọwọ́ kejì sókè, àwọn ọkùnrin á dá àdá dúró lókè, a ó máa retí ọmọ yẹn títí yóò fi gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì tàbí kó tu ú. Ìgbà kan bàbá mi ní, "Ìyá, sọ ọ́ fún un ká ríbi lọ, ilẹ̀ ń ṣú." Ìyá mi ò tiẹ̀ wo ibi tó wà. Ó ní, "A kì í bá ọmọ parí ọ̀rọ̀. Tiẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ kan ó kàn mí. Kóró mẹ́ta ló wà lẹ́nu mi, méjì lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀rọ̀ ìgbín ló pè sí mi. Bàbá Ìbejì, bàbá jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣoko lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, jókòó síwájú mi gan-an, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń retí. Mo ní kí n fọgbọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde. "I-gbó!" Kóró kan fò jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀, ó di iwájú orí Bàbá Ìbejì, pàá! Bàbá náà di orí mú, ó ní, "Ẹ gbà mí o, ọmọ yìí ti yìnbọn!" Háà, ẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí kòkó. Èmi ni mo kó èèpo dé ìrọ̀lẹ́, mo sì kó o tẹ̀ríntẹ̀rín.

Gbogbo ìyẹn ti lọ. Ọ̀pẹ ni wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ ọ̀hún báyìí. Àwọn tó sì ṣẹ́kù tí wọ́n ń fọ́ kòkó, mo lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, kálukú ki nǹkan bọ etí, orin oníkálukú wà fún òun nìkan. Àdá ń dún pá, pá, pá, kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ń yá, mi ò parọ́ mọ́ wọn. Mo kí wọn, mo bá ọ̀nà mi lọ.

Ìwé ńkọ́? Ìwé kì í ṣe ohun ẹ̀rín nígbà tiwa. Bíbélì àti ìwé orin ló wà nílé wa, bàbá mi fi aṣọ wé wọn sórí pákó, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò bá mọ́ kò gbọdọ̀ dé ìdí pákó yẹn. Ìwé tilé-ìwé sì rèé, pàṣán ló ń bá a rìn. Mo ka ìwé mẹ́fà, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí tíṣà rẹ́rìn-ín sí ohun tó wà nínú ìwé. Nítorí náà, nígbà tí èmi náà bímọ, ọmọ méje, mo rán gbogbo wọn nílé-ìwé, ṣùgbọ́n mi ò fi ìwé bá ẹyọ ọ̀kan nínú wọn ṣeré rí. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Orè níbí. Bọ́sẹ̀, àbíkẹ́yìn mi, ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló ni ilé tí a jókòó sí yìí. Aránṣọ ni. Nígbà tí orúnkún mi kọ̀ oko, ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Mofẹ́, wọ́n sì wá a pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ọmọ náà rìn lásìkò, ó ń jó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbọ́ gbogbo ohun tí a bá wí. Ọ̀rọ̀ ni kò sọ. Nígbà tó pé ọdún méjì, a ní ó ń bọ̀. Nígbà tó pé mẹ́ta, a ní ọmọ mìíràn máa ń pẹ́. Nígbà tó fi máa súnmọ́ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan mọ́. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á wá di ọwọ́ rẹ mú, á fà ọ́ lọ sídìí omi, á máa wo ojú rẹ.

Èmi àtọmọ yìí mọwọ́ ara wa. Èdè Ìkálẹ̀ wa ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, "ọma mi" ni mò ń pè é, ọmọ mi nìyẹn. Láràárọ̀ ló ń gbé bàtà mi wá, mo sì máa ń ro gbogbo ẹjọ́ orúnkún mi fún un.

Ọjọ́ ìkórè ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n kó àwọn ọmọ síwájú pé kí wọ́n sọ àkọ́sórí, ẹsẹ kan péré. Èyí tó kéré ju Mofẹ́ lọ sọ tirẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kan Mofẹ́. Ó dúró pẹ̀lú aṣọ àrán tí ìyá rẹ̀ rán fún un, ó ń wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ nǹkan kan. Obìnrin kan lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Olúwa, dá sí i." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lu ìyá náà, inú ilé Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí n ṣe é.

Nígbà tí a délé, mo bá Bọ́sẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fi ojú pamọ́ sínú ìborùn, ó ń sunkún. Ìyá oníbúrẹ́dì tó kọjú sí wa sì ti dúró tì í, ó ń tù ú nínú, ó sì tún ń sọ tẹnu rẹ̀ jáde.

"Èdè mẹ́ta ló ń jà lẹ́nu ọmọ yẹn," ló wí. "Bàbá rẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ ń sọ Yorùbá, Bàbá ń sọ Ìkálẹ̀. Ẹnu kékeré, ibo lẹ fẹ́ kó gbé e sí?"

Lọ́jọ́ kejì, Bọ́sẹ̀ wá kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ má sọ èdè wa sí Mofẹ́ mọ́. Bàbá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ká gbájú mọ́. Títí tí ẹnu rẹ̀ fi máa là ni, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò burú," ni mo wí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé èmi àgbà ni mo wá lọ wọ́ orí ọmọ? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, ẹ̀yin ọmọ mi, ó wọ̀ mí dé egungun. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Mò ń jẹun, mò ń kí aládùúgbò, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mò ń bi ara mi: ṣé ẹnu mi yìí ló dí ọmọ náà lẹ́nu?

Ni mo bá dákẹ́. Èmi o! Bí Mofẹ́ bá gbé bàtà mi dé, mo máa ní, "Gúùdù mọ́níìn." Lẹ́yìn gúùdù mọ́níìn, kí ni mo tún mọ̀? "Káàmù." "Gó." "Sidáùn." Ọmọ náà á jókòó, á gbójú sókè máa wò mí, á máa wá bàbá tó ń ro ẹjọ́ orúnkún fún un. Kò rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kò gbé bàtà wá mọ́.

Wọ́n tún mú un lọ sí ilé-ìwé jẹ́léósinmi kan, ìyá tó ni ibẹ̀ ní kí wọ́n mú un padà wá tó bá ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe etí, kò sóhun tó ṣe ahọ́n. Ó ní kí wọ́n máa fi eré bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n ra ìwé àwòrán tó ń pani lẹ́rìn-ín, kí wọ́n máa kà á fún un lójoojúmọ́. Ó wà lẹ́nu mi kí n ní kí Bọ́sẹ̀ padà lọ bá mi bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá èmi ni mo fà á. Mi ò lè sọ ọ́. Ẹ̀rù ohun tó máa fèsì ló bà mí.

Bọ́sẹ̀ ra ìwé náà ní ìkóríta, lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ìwé kiri láàárín àwọn oníbúrẹ́dì àti ọlọ́gẹ̀dẹ̀ díndín. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí ti Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹrù ẹni náà, ẹranko ló kún inú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kà á. Tíṣà ni, ẹ ò rí i, á kà á bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì, á nawọ́ sí àwòrán, á ní, "Kí nìyí, Mofẹ́? Ewúrẹ́ ni. Kí ló dé? Fìlà ni." Òun ló ń bi í, òun náà ló ń dáhùn. Kò sì ṣeé dá lẹ́bi, nítorí gbogbo ilé yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ò tíì na ọwọ́ tán, a ti ní, "Omi, àbí? Ó fẹ́ mu omi."

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan. Iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù pọ̀ lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀, máṣíìnì rẹ̀ ò sinmi. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ka ìwé yìí fún un, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ nìkan lẹ kà o." Mo mọ ìdí tó fi sọ ìyẹn. Mo fi gíláàsì sójú, mo tẹ́ ẹní, Mofẹ́ wá jókòó tì mí. Mo ṣí i.

"Ewúrẹ́ kan dé fìlà,
Ó lọ sọ́jà lọ ra ilá.
Ológbò wọ agbádá,
Eku kékeré gbé àdá."

Ẹ wò ó, mo rí eku yẹn pẹ̀lú àdá, ológbò di agbádá mú, ó ń sá lọ, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi arúgbó! Mofẹ́ wo ẹnu mi, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń kọ irú nǹkan báyìí sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ni, tó ń dún wọnú ara rẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á lọ, ara mi ti lọ sí Ajue, mo ti ń gbọ́ àdá. Mo ṣí ojú ewé kejì:

"Pẹ́pẹ́yẹ gun kẹ̀kẹ́,
Ó rọra ń lọ..."

Mo dúró. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ẹ gbà mí gbọ́. Ọwọ́ mi ló nà sí Mofẹ́ fúnra rẹ̀, ọwọ́ kejì sì lọ sókè.

"Jẹ́jẹ́!" Bọ́sẹ̀ ló dáhùn látìdí máṣíìnì.

"Ta ni mo bi?" Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Ṣé ìwọ ni mo nawọ́ sí?"

"Bàbá, kò lè..."

"Bọ́sẹ̀! A kì í bá ọmọ parí ọ̀rọ̀. Tiẹ̀ ni."

Mo yí sí Mofẹ́, mo ní, "Mo mọ ohun tó ṣe ọ́. Kòkó wà lẹ́nu rẹ. Gbé e mì, mò ń retí rẹ." Mo fi ọ̀nà ọ̀fun mi hàn án bí wọ́n ṣe ń gbé e mì: gbùú. Ó rẹ́rìn-ín. Òun náà ṣe gbùú. Kò sọ nǹkan kan. A dúró bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ mi fi ń ro mí, mo wá ní, "Kò burú, ọ̀la ń bọ̀," mo pa ìwé dé síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ewé yẹn náà la dúró sí. Lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀. A ó rẹ́rìn-ín ológbò, a ó dé ọ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ, màá dúró, á gbé kòkó mì, ẹnu kò là. Bàbá rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, ó bá mi pẹ̀lú ọwọ́ lókè, ó ní, "Bàbá, ẹ rọra o, ẹ máa ka ìyókù ìwé náà fún un." Mo ní kó lọ jẹun. Ẹ má rò pé ọkàn mi balẹ̀. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa bí àyà onísùúrù ṣe ń já nígbà tó di ọmú kìnnìún mú. Mò ń rò ó pé bí mo bá tún ń dá kún ohun tó ń ṣe ọmọ yìí ńkọ́?

Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá. Ọ̀sán ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo kà á dé ibẹ̀.

"Pẹ́pẹ́yẹ gun kẹ̀kẹ́, ó rọra ń lọ..."

Mofẹ́ wo pẹ́pẹ́yẹ. Ó wo ọwọ́ mi tó wà lókè. Ó gbé kòkó mì, gbùú, bí ẹni gbé ekùrọ́ mì. Ó wá ní:

"Jẹ́jẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi.

Máṣíìnì ń lọ, kò dúró, Bọ́sẹ̀ ti gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí rẹ̀. Nígbà tó fi máa bojú wolẹ̀, ó ti rán apá yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọrùn aṣọ náà. Kò bìkítà. Ó sáré wá, mo na ọwọ́ dá a dúró, mo tún un kà.

"Ó rọra ń lọ..."

"Jẹ́jẹ́!" Ó pariwo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, ó kọ̀, kò sọ ọ́ fún un. Tíṣà ń wò wá bíi pé èmi àti Bọ́sẹ̀ jọ lá àlá. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi sọ nǹkan kan, èmi náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ọjọ́ kẹta ló dáhùn "àdá", ó dáhùn "ilá", ó sì dáhùn wọn lójú bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ di orí mú, ó ní, "Yéè! Olúwa mi o!" Yorùbá ló jáde.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí òjò ṣe máa ń ta sílẹ̀ kó tó rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó tú ẹrù tèmi kúrò lọ́rùn mi kọ́ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo jókòó sí fàráńdà, mo gbọ́ ohùn kékeré lẹ́yìn ilé. Mofẹ́ ló gbé ọmọ adìẹ kan mọ́ àyà, ó ń pa á lẹ́nu mọ́, ó ń sọ fún un pé, "Ọma mi. Ọma mi." Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nínú ìwé. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu mi kẹ́yìn. Ó ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó tọ́jú rẹ̀ sẹ́rẹ̀kẹ́.

Bọ́sẹ̀ náà gbọ́. Ó wo èmi, ó wo ọmọ, ó tún fẹ́ kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, orúnkún tèmi nìkan ti tó ilé yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ dí i lẹ́nu." Mo ní, "Mo ti gbọ́." Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún títí ara mi fi fúyẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàtà mi dé ẹnu ọ̀nà, mo sì jókòó, mo ro ẹjọ́ orúnkún oṣù mẹ́fà fún un tán pátápátá.

Báyìí, à ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ìyá tó ni ilé-ìwé náà ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, mo ní kó fara dà á, gbèsè ọdún mẹ́rin ló ń san.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ rí láàárọ̀ yìí fún yín. Kì í ṣe èmi ni mò ń ka ìwé. Mofẹ́, tí ẹ pàdé bó ṣe ń lọ sílé-ìwé, ló gbé ìwé sí itan mi kí ẹ tó wọlé, ó fi gíláàsì mi sójú ara rẹ̀, ó ní òun ló máa kà á fún mi lónìí. Kò mọ ìwé ẹyọ kan, orí ló ti mọ gbogbo rẹ̀. Ó ka ewúrẹ́, ó ka ológbò, ó dé ọ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

"Pẹ́pẹ́yẹ gun kẹ̀kẹ́, ó rọra ń lọ..."

Ó dúró. Ó nawọ́ sí mi, ó gbé ọwọ́ kejì sókè, bí ìyá mi ṣe máa ń gbé e gan-an, ìyá mi tí kò mọ̀ rí. Mo ya ẹnu láti dáhùn. Nǹkan dí mi lọ́fun, ọ̀rọ̀ ò jáde. Bọ́sẹ̀ rí mi látìdí máṣíìnì, àánú mi ṣe é, ó ní kí Mofẹ́ bá mi sọ ọ́.

Mofẹ́ yí ojú sí i, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Màámi, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e mì. Kòkó wà lẹ́nu Bàbá."